Òpó Tó So Rọ̀

Ọjọ́ Ajé, 7 oṣù Ọ̀wàrà, 2024

Àwọn ará ilé mi ni kí n kọ́kọ́ kọ. Happiness, àbígbẹ̀yìn mi, ti bí ọkùnrin ní Warri. Ọmọ pupa, iwájú orí rẹ̀ yọ bíi ti bàbá mi. Ó pẹ́ tí ìyá rẹ̀ ti ń wojú Ọlọ́run. Dayọ̀, ọmọ Adégbóyè àkọ́bí mi, ti gbéyàwó, ọmọ Ode Ugbo tó mọ èèyàn kí. Àràmídé, àbúrò Dayọ̀, ti lọ sílé ọkọ. Beauty, ọmọ mi kejì, bí ìbejì, akọ kan, abo kan. Ẹni tó bá rí ìwé yìí lẹ́yìn mi, kó mọ̀ pé ilé wa kún.

Tíṣà Rhoda ní kíláàsì àgbà ní ká máa kọ nǹkan lójoojúmọ́, ì báà jẹ́ ìlà kan. Ó ní kí èmi má fi òwe kún tèmi, pé ohun tí ojú mi rí gan-an ni kí n kọ. Kò ní kà á. Tèmi ni.

Ohun tí ojú mi rí: pákó tí a fi òpó gbé sórí omi níwájú ilé mi ti jẹrà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ẹsẹ̀ mi kan wọlé títí dé orúnkún, agbọ̀n ẹja lórí mi. Mo yọ ẹsẹ̀, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Ẹnikẹ́ni kò rí mi. Ọpẹ́.

Happiness ń gbé ọmọ bọ̀ ní ìparí oṣù. Iwájú ilé mi ni ọkọ̀ ẹ́ńjìnì yóò ti já wọn sílẹ̀, lójú gbogbo àdúgbò. Ọmọ mi kò ní gbé ọmọ tuntun fo ihò.

Adégbóyè, àkọ́bí mi, ti fi owó ránṣẹ́ láti Port Harcourt. Ó ní kí n jẹ́ kí wọ́n wó gbogbo rẹ̀, àtòpó àtìdábùú, kí wọ́n kọ́ tuntun. Ọmọ yìí ti gbàgbé ilé. Láti ìgbà tí òkun ti ya wọ àdúgbò, ìgbìmọ̀ àdúgbò ti fòfin dè é pé kí ẹnikẹ́ni má kọ́lé tuntun mọ́ ní ìlà iwájú, ìlà àwa tí a kọjú sí òkun. Èèyàn lè tún ilé ṣe. Pákó lè yí padà, páànù lè yí padà. Ṣùgbọ́n òpó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ wà nínú ilẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti kúrò nínú ilẹ̀, ilé tuntun ni wọ́n kà á sí, olúwarẹ̀ á kó lọ sẹ́yìn, sáàárín ẹ̀gbà, igi inú ẹrẹ̀, níbi tí ọkọ̀ kì í dé bí omi bá fà. Èmi tí mò ń ra ẹja lọ́wọ́ ọkọ̀ tó ń ti òkun bọ̀, kí ni n óò máa yan níbẹ̀?

Nítorí náà, pákó nìkan. Egungun abẹ́ rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ mira.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Ọ̀wàrà

Kọ́lájọ káfíńtà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Dákẹ́ ni mò ń pè é nínú ọkàn mi, nítorí èèyàn lè jókòó tì í láti àárọ̀ kó má gbọ́ ju “Màmá, ẹ kúò níbẹ̀.”

Kò tíì fọwọ́ kan pákó tó fi gbé igi gbọọrọ méjì, ó kàn wọ́n mọ́ àwọn òpó ní ìdàgẹ̀rẹ̀, láti orí ọ̀kan sí ìdí èkejì. Mo ní pákó ni mo pè é wá tú, kì í ṣe pé kó kan igi mọ́ ilé mi. Ó ní pákó ló ń di àwọn òpó mú. Bí èèyàn bá ṣí gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn òpó á tẹ̀ síra wọn.

Kì í fa ìṣó tipátipá. Á ti irin ìfàṣó sábẹ́ pákó, á gbé e díẹ̀, á tún lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, á gbé e díẹ̀. Ìṣó tó bá ti dípẹtà tó ń ṣagídí, á ki ayùn irin bọ àárín, á gé e. Ó ní ìṣó tí wọ́n bá fi ìbínú fà máa ń la ìdábùú, igi tí pákó sùn lé.

Ìdábùú náà ṣì le. Ó fi ọ̀bẹ gún un, ọ̀bẹ kò wọlé. Inú mi dùn. Ọkọ mi ló fi ọkọ̀ fa igi wọ̀nyẹn wá láti òkè, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ rì wọ́n. Ẹni tó kú lọ́jọ́ tó ti pẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ń gbé mi.

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún Dákẹ́. Ó ki ayùn bọ abẹ́ ìṣó mìíràn.

Ọjọ́bọ̀, 10 Ọ̀wàrà

Dákẹ́ ti ṣí pákó, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ku igun apá òkun nìkan. Pákó kan ṣoṣo ni mò ń tọ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ibi ọkọ̀. Omi ń dán lábẹ́ mi ní ọ̀tún àti òsì. Mo ń rìn bí ìyàwó tuntun.

Láídì, aládùúgbò mi àtijọ́, wa ọkọ̀ rẹ̀ kọjá. Ó wo òpó, ó wo ìdábùú, kò wo èmi.

Ọjọ́ Ẹtì, 11 Ọ̀wàrà

Bí lẹ́tà mi kò bá gún, ẹ foríjì mí – ta ni mò ń bẹ̀?

Omi fà gan-an láàárọ̀ yìí, ẹrẹ̀ hàn. Dákẹ́ wà lábẹ́. Ó pè mí, ohùn rẹ̀ kéré: “Màmá, ẹ sọ̀ kalẹ̀ wá wo nǹkan.” Mo wọ inú ọkọ̀, ó fà mí wọlé sábẹ́ ilé mi, sí òpó igun apá òkun, èyí tó kọ́kọ́ ń gba ìgbì.

Ó ní kí n ki ọwọ́ bọ ìdí rẹ̀. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ mi kọjá sí òdìkejì.

Kòkòrò omi ti jẹ ẹ́ já. Ìdí rẹ̀ ṣẹ́kù sínú ẹrẹ̀ bí eyín tó kán. Òkè rẹ̀ kò kan ilẹ̀ mọ́. Dákẹ́ fi ìka kan tì í, ó mì lọ, ó mì bọ̀.

Òpó náà kò dúró. Ó so rọ̀ ni. Pákó tí mo ní ó ti jẹrà yẹn, pákó tí mò ń bú, òun àti ìdábùú ló gbé òpó dání láti ọjọ́ yìí wá.

Mo bi í bóyá ó ti pẹ́. Ó ní bóyá láti ọdún tó kọjá.

Òwe mẹ́ta ló wá sí mi lẹ́nu. Mo gbé gbogbo rẹ̀ mì.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 12 Ọ̀wàrà

Adégbóyè pè. Mo sọ fún un. Ó ní: “Màámi, òpó ti bá yín sọ ọ́. Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi.” Mo ní kí n wá ṣe kí ni ní Port Harcourt, kí n máa wo tẹlifíṣàn? Ó ní ṣé ìgbì ló wá sàn kí n máa wò ju tẹlifíṣàn lọ. Mo pa fóònù.

Mo ní kí Dákẹ́ má ṣí pákó tó wà lórí igun yẹn. Ó ti fi okùn nínípọn so òpó náà mọ́ ìdábùú, ó tún fi igi há a kó má baà mì. Bí èèyàn bá wà lórí omi tó tì í, yóò rò pé ó dúró. Mo bi í pé bí ìgbìmọ̀ bá bi í ńkọ́? Ó ní òun kò mọ irọ́ pa, pé kí n jẹ́ kí òun ní iṣẹ́ ní Awoye lọ́jọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ tó gùn jù tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ nípa ara rẹ̀ nìyẹn.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Ọ̀wàrà

Báyọ̀, akọ̀wé ìgbìmọ̀ – Bíró ni mò ń pè é, kò sígbà tí bíró kì í sí létí rẹ̀ – dá mi dúró lẹ́yìn ìsìn. Ó ní wọ́n ti gbọ́ pé mò ń tún iwájú ilé ṣe. Wọ́n ń bọ̀ wá wò ó ní Àbámẹ́ta. Òfin ní kí aládùúgbò tó súnmọ́ ni jù jẹ́rìí. Àwọn ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti lọ tán. Láídì, ìyá Faiz, ló kù, lẹ́yìn mi.

Bíró ní: “Ìyá Faiz ni yóò bá wa wọkọ̀, Màmá.”

Mi ò rántí nǹkan kan nínú ìwàásù òní.

Ọjọ́ Ajé, 14 Ọ̀wàrà

Kí n kọ ọ̀rọ̀ Láídì sílẹ̀ kí ó má baà máa yí nínú mi.

Ilé rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi láti ìgbà tí a ti jẹ́ ọmọge. Ó ń kírun, mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a jọ ń yan ẹja nínú èéfín kan náà. Lọ́dún tó kọjá òkun ya, òpó igun rẹ̀ ṣí kúrò nínú ilẹ̀. Ìgbìmọ̀ dé, wọ́n ní kí n fi ọwọ́ kan òpó, kí n sọ bóyá ó dúró. Kò dúró. Mo sọ pé kò dúró. Wọ́n kó o lọ sẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, a kì í kíra.

Irọ́ ni kí n pa ni? Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀. Òpó kò dúró.

Lónìí, nígbà tí omi fà, mo gbọ́ ìró lábẹ́ ilé. Mo wolẹ̀ láàárín ìdábùú. Láídì ni, ó ń ṣa ìṣáwùrú nínú ẹrẹ̀, agbọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ibẹ̀ kì í ṣe tẹni kankan nígbà tí omi bá fà, mi ò lè lé e. Ó ń ṣa bọ̀ títí ó fi dé igun yẹn. Ó dúró. Ó tẹ̀ ba. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gba ìsàlẹ̀ òpó mú, bí ẹni tó ń wọn ìkòkò wò kó tó rà á.

Ó gbójú sókè. Ojú wa ṣe mẹ́rin.

Ó gbé agbọ̀n rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Ọ̀wàrà

Mi ò lọ sí kíláàsì. Tíṣà Rhoda ránṣẹ́ pé ṣé ara mi kò yá. Mo ní orúnkún ni.

Ọjọ́rú, 16 Ọ̀wàrà

Òṣùpá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún tán. Omi ń kún sí i lójoojúmọ́. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mò ń gbọ́ bí ó ṣe ń lu igun yẹn.

Happiness pè. Ọmọ ń ké lẹ́yìn rẹ̀, ohùn gidi. Ó bi mí bóyá pákó tuntun ti wà nílẹ̀. Mo ní ó ku díẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 17 Ọ̀wàrà

Mo di ẹja yíyan àti púpurú, mo wa ọkọ̀ lọ sẹ́yìn. Mo ti to ọ̀rọ̀ tí n óò sọ sẹ́nu láti ilé.

Mi ò tíì dé ibẹ̀ rí láti ìgbà tí wọ́n ti kó o lọ. Ọ̀nà omi rẹ̀ tóóró, gbòǹgbò ẹ̀gbà ń ha ọkọ̀ lára. Láídì ń tún àwọ̀n ṣe. Kò dìde. Ó ní:

“Òwe wo lo gbé wá lónìí, Ìyá Gbóyè? Gbé e kalẹ̀ ká jẹ ẹ́.”

Mo ní mi ò gbé òwe wá, ẹja ni. Ó ní ìyẹn sàn, pé òwe mi kì í yó èèyàn. Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rù kò jẹ́ n rín in. Ó gba ẹja. Ó bi mí nípa ọmọ Happiness, mo sọ fún un, ó ṣàdúrà fún un bí wọ́n ti ń ṣe é. Èmi náà bi í nípa Faiz. Ó wà ní Èkó, ó ń wa ọkọ̀ ẹrù.

Mo ń wo ara ògiri pákó rẹ̀ bí a ti ń sọ̀rọ̀. Ìlà omi wà lára rẹ̀, ìlà kan lókè èkejì. Èyí tó ga jù ṣì tutù. Mo ti máa ń rò pé ẹ̀yìn kì í rí omi. Ohun tí gbogbo wa níwájú ń rò nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ tí mo tò sẹ́nu, mo gbé e padà sílé. Bí mo bá ní kó bá mi bo òpó mọ́lẹ̀, ṣé kò ní bi mí pé ta ló bo tòun?

Ó bu ìṣáwùrú sínú abọ́ mi. Nígbà tí mo ń wọkọ̀, ó ní: “Ṣọ́ra o. Ọ̀nà ilé rẹ ti di tóóró.”

Mo ti ń yí gbólóhùn yẹn síwá sẹ́yìn láti ìgbà náà.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Ọ̀wàrà

Dákẹ́ lọ sí Awoye.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 19 Ọ̀wàrà

Àárọ̀ ni wọ́n ní wọn ó wá, nígbà tí omi bá fà. Ẹ́ńjìnì ọkọ̀ wọn kú lọ́nà. Kí wọ́n tó dé, omi ti kún, ìdí òpó kankan kò hàn mọ́.

Mo lè ní kí wọ́n padà wá nígbà tí omi bá fà. Lọ́dún tó kọjá, nígbà ti Láídì, èmi náà ló ní kí wọ́n dúró kí omi fà, kí ojú gbogbo wa lè rí i. Lónìí mi ò la ẹnu.

Bíró jókòó síwájú, àwọn àgbà méjì láàárín, Láídì lẹ́yìn, ó fi ìborùn bo ẹnu. Èmi dúró lórí pákó kan ṣoṣo mi. Wọ́n fọwọ́ kan òpó àkọ́kọ́, wọ́n mì í, Bíró kọ ọ́. Wọ́n kan èkejì. Wọ́n kan ẹ̀kẹta. Wọ́n yí ọkọ̀ sí igun apá òkun.

Bíró tì í. Okùn Dákẹ́ gbà á. Ó wo okùn náà. Ó bi mí pé kí ni okùn ń ṣe lára òpó tó dúró. Mo ní ibẹ̀ ni mò ń so ọkọ̀ mọ́. Ohùn mi jáde bí ti ẹlòmíràn.

Ó yíjú sẹ́yìn. “Ìyá Faiz, ẹ fọwọ́ kàn án. Ṣé ó wà nínú ilẹ̀?”

Láídì na ọwọ́. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ gba òpó mú, bí ó ti ṣe lọ́jọ́ Ajé. Ìgbì kan wá, ó gbé ọkọ̀ wọn sókè, mo sì rí òpó náà tó mì díẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kejì kún un, ó dì í mú títí ìgbì fi kọjá.

“Ó wà nínú ilẹ̀,” ló wí.

Bíró kọ ọ́. Ó kí mi kú àtúnṣe. Wọ́n lọ.

Mo jókòó sórí ìdábùú, ẹsẹ̀ mi nínú omi.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Ọ̀wàrà

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yìn ni mo wa ọkọ̀ lọ. Mo kúnlẹ̀ fún un, èmi tí mo jù ú lọ. Ó ní kí n dìde, pé ilẹ̀ tutù, orúnkún tí mo ń fi tan tíṣà jẹ á wá dùn mí lóòótọ́. Ta ló sọ ìyẹn fún un? Àdúgbò yìí.

Mo ní ó ṣe mí lóore tí mi ò ṣe é. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀rọ̀. Bí ó ti sọ ọ́ ni mo ń kọ ọ́ yìí:

“Má dúpẹ́, Ìyá Gbóyè. Mi ò pa irọ́ yẹn nítorí rẹ. Nígbà tí mo wà níwájú, èmi ni ìgbì ń kọ́kọ́ lù. Ní báyìí ìwọ ni, èmi wà lẹ́yìn rẹ gan-an. Èyí tó bá kọjá lára ilé rẹ ló ń dé ara ògiri mi, ìwọ náà rí ìlà rẹ̀. Bí wọ́n bá kó ọ kúrò, ta ló kù láàárín èmi àti òkun?”

Mo tún wo ìlà tó ga jù lára ògiri.

Ó ní: “Ṣùgbọ́n òpó tó so rọ̀ kì í gba ìgbì dúró. Mo ti fi ẹnu mi gbé e ró lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní lè gbé e lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ni mo ti máa dáhùn rẹ̀.”

Ọjọ́ Ajé, 21 Ọ̀wàrà

Mo rò ó láti lọ bá Bíró, kí n sọ òtítọ́. Mo dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú àjẹ̀ ọkọ̀ lọ́wọ́. Bí mo bá sọ ọ́, Láídì ni wọn ó kọ́kọ́ pè ní elékèé, ní gbangba, òun tí kò purọ́ rí lójú àdúgbò yìí.

Mo gbé àjẹ̀ padà.

Èmi tí mo máa ń sọ pé ohun tí ojú mi bá rí ni mo máa ń sọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 22 Ọ̀wàrà

Dákẹ́ ti dé láti Awoye. Mo ní kó ṣí pákó tó kù. Ó gbé ìdábùú igun lé orí òpó àgbélé kan tó máa wà fúngbà díẹ̀ kó má baà rì, ó gé okùn. Òpó náà rọra wọ omi, ó yọ orí, omi gbé e lọ sọ́nà Ayétòrò. Mo rò pé n óò sunkún nítorí ọwọ́ ọkọ mi ló rì í. Mi ò sunkún. Ọkọ mi ṣe tirẹ̀.

A jókòó ṣe ìṣirò. Owó tí Adégbóyè fi ránṣẹ́ kò lè ra pákó kó tún ra òpó. Dákẹ́ ní òpó ẹkì, igi líle nì, ló lè pẹ́ nínú omi wa, kò sì wọ́pọ̀. Mo bi í bí ìdábùú á ṣe rí láìsí pákó. Ó ní bí ó bá ti fi igi ìdàgẹ̀rẹ̀ dì í, egungun náà lè dúró bẹ́ẹ̀ láti ọdún dé ọdún, ẹsẹ̀ èèyàn nìkan ni kò ní rí ibi tẹ̀.

Ọjọ́rú, 23 Ọ̀wàrà

Mo pe Happiness. Mo ní kó má retí pákó tuntun. Kó di ọmọ mọ́ àyà, kó má pọ̀n ọ́n, kó wọ bàtà tí kì í yọ̀, pé pákó kan ló máa tọ̀ wọlé, èmi ni n óò dúró ní ìdí rẹ̀ kí n di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ní ṣé kò ní jẹ́ ohun ìtìjú fún mi, lójú àdúgbò. Mo ní kí wọ́n wò wá dáadáa.

Mo pe Adégbóyè náà. Mo ní n kò ní wá sí Port Harcourt, kì í ṣe nítorí agídí mọ́. Ó ní kí ni nítorí rẹ̀ nígbà náà. Mo ní ẹnì kan wà lẹ́yìn mi.

Àárọ̀ ọ̀la ni Kọ́lájọ káfíńtà ń lọ ra òpó ní Igbókọ̀dá. Mẹ́rin fún igun mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí mẹ́ta dúró ti èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ẹ̀kẹrin dúró ní ojú ibi tí èyí tí omi gbé lọ wà. Méjì láti rì sí ojú ibi tí ilé Láídì wà tẹ́lẹ̀, níbi tí ìgbì ń gbà kọjá lọ bá a. Bí Bíró bá bi mí léèrè, n óò ní ibẹ̀ ni mo fẹ́ máa sá àwọ̀n.

Mo fi 180,000 náírà rán an. Òpó ẹkì mẹ́fà. Pákó kò sí nínú rẹ̀.